Ilẹ̀ Tó Gbérí: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Nípa Ilẹ̀ Onígi Òòró

Ohun tí onílé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ sọ fún mi lórí fóònù ni pé ilẹ̀ òun ti lóyún. Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má rẹ́rìn-ín, kí n wá fojú ara mi rí i. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Nínú yàrá ńlá tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, ilẹ̀ igi tí wọ́n tẹ́ ní oṣù mẹ́rin péré sẹ́yìn ti gbéra nílẹ̀ bí òrùlé àgọ́, láti ògiri ọ̀tún títí dé ògiri òsì. Mo fi tépù wọ̀n ọ́n: ìdí òkè náà fẹ̀ tó mítà 1.2, orí rẹ̀ sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 11. Kò sí ègé igi kan tó fọ́ níbẹ̀. Wọ́n kàn ń ti ara wọn ni, bí èrò tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ kékeré, wọ́n sì gba òkè lọ nítorí pé òkè nìkan ni kò sí ẹni tó dí i mọ́ wọn.

Àwa mẹ́rin la dúró yí òkè yìí ká lọ́jọ́ náà: onílé iṣẹ́, ẹni tó ta igi fún un, bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà tó tẹ́ ẹ, àti èmi tí wọ́n pè wá dájọ́. Gbogbo wa la ti dájọ́ nínú ara wa kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan igi. Gbogbo wa la sì ṣì í.

Kí n kọ́kọ́ sọ irú ilẹ̀ tó jẹ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe ilẹ̀ pákó. Nínú ilẹ̀ pákó, ẹ̀gbẹ́ igi là ń tẹ̀. Iṣan igi náà sùn gbalaja sílẹ̀. Èyí yàtọ̀. Wọ́n gé igi ní ìbú, wọ́n wá gbé ègé kọ̀ọ̀kan nàró, tó fi jẹ́ pé ojú kùkùté, ojú tí òrùka igi ti ń hàn, ló kọjú sókè. Èmi máa ń pè é ní ilẹ̀ onígi òòró. Ẹni tó bá ti rí ìtì igi tí alápatà ń ṣá ẹran lé lórí ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ mú ìdì ìgbálẹ̀ kan, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ fi àdá gé e, á já. Ẹ wá gbé òmíràn nàró, kí ẹ ṣá a lórí. Àdá á wọ àárín àwọn ọwọ̀ náà, bí ẹ bá yọ ọ́ tán, wọ́n á tún padà pàdé. Bí igi ṣe rí nìyẹn. Igi oak pupa, igi líle kan, tó bá ti gbẹ, tí a bá fi ẹrù tẹ̀ ẹ́ lórí ìdúró iṣan rẹ̀, agbára tó fi ń gbà á ju ìlọ́po 6 agbára ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Igi kan náà ni o, ìdúró rẹ̀ nìkan ló yí padà.

Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ irin fi fẹ́ràn rẹ̀. Bí òòlù tàbí irin tí a ti fi ọjọ́ mẹ́ta gbẹ́ bá já bọ́ sórí kọnkéré, ọ̀kan nínú méjèèjì ló máa fara pa. Lórí igi òòró, á dún gbì, ó parí. Ẹni tó ń dúró nídìí ẹ̀rọ láti àárọ̀ dé alẹ́ mọ ohun tí kọnkéré ń ṣe sí orúnkún àti ìbàdí ènìyàn. Níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, wọ́n ní ìdí mìíràn: bí irin yíyọ́ bá ta sílẹ̀ kọnkéré, omi tó fara pamọ́ sínú kọnkéré yẹn á di ooru lójijì, ojú kọnkéré á sì bú gbàmù, á máa fò kiri. Igi á kàn jó dúdú níbi tó kàn án. Bí ègé kan bá sì bàjẹ́, ẹ hú u, ẹ fi ẹgbẹ́ rẹ̀ rọ́pò, iṣẹ́ ń lọ. Wọ́n ń tẹ́ ẹ sí ibùjẹ ẹṣin, sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí àti sí ilé gbígbé, àmọ́ ilé gbígbé, ẹwà òrùka igi ni wọ́n ń wá níbẹ̀ jù.

Onílé iṣẹ́ wa kò wá ẹwà. Irin tó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù kan ló mú un dé ìdí igi òòró. Yàrá rẹ̀ jẹ́ mítà 9 ní gígùn, mítà 6 ní fífẹ̀. Ó ra igi oak pupa tí wọ́n ti gé sí ègé olójú mẹ́rin, mìlímítà 100 sí 100, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 50. Bíi 5,400 ègé ló wọ ilẹ̀ yẹn. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ wọ́n mọ́ kọnkéré, wọ́n fi sánpépà fá ojú rẹ̀, wọ́n fi fáníìṣì kùn ún.

Ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ kò gùn. Onílé iṣẹ́ ní igi tútù ni wọ́n tà fún òun. Ẹni tó ta igi náà mú ìwé jáde: ọ̀rinrin inú igi náà jẹ́ ìdá 8 nínú 100 lọ́jọ́ tó kúrò lọ́wọ́ òun, inú ọ̀rá ló sì wà. Ó ní gbẹ́nàgbẹ́nà ni ká bi. Bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà kò tilẹ̀ wò ó lójú. Ó ní, "Omi ló ń bọ̀ láti abẹ́ kọnkéré. Ẹ gbẹ́ ibẹ̀, ẹ ó rí i."

Èmi gba ti bàbá gbọ́. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ igi tí mo ti hú, omi abẹ́ kọnkéré ló pa wọ́n. Ìdí kejì tí mo fi gbà á gbọ́ kò yẹ kí n fi pamọ́: bàbá yìí ló kọ́ mi ní pákó títẹ́. Bí mo ṣe ń mú ìwọ̀n dání, ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́ nínú orí mi.

Kọnkéré ni mo kọ́kọ́ bi léèrè. Ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 12. Kọnkéré tó jẹ́ pé òkè nìkan ló ti ń gbẹ, ihò tí a ó fi wọn ọ̀rinrin rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé dé ìdá 40 nínú 100 ìnípọn rẹ̀, torí ojú rẹ̀ lè gbẹ táútáú kí inú rẹ̀ ṣì máa lagùn. Mo hú ègé igi díẹ̀ níbi mẹ́ta, mo gbẹ́ ihò wọlé ní bíi sẹ̀ǹtímítà 5, mo ki ẹ̀rọ ìwọ̀n sínú wọn, mo dí ẹnu wọn pa. Bàbá ní kí n kà á lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ di ọjọ́ kẹta." Ihò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná lẹ́nu ẹ̀rọ kì í sòótọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn la rí gbogbo ohun tó kù.

Àkọ́kọ́ ni ìdí àwọn ègé tí mo hú. Mo yí wọn padà. Gọ́ọ̀mù ṣì wà lára gbogbo wọn, ó le bí òkúta, ìyẹ̀fun eérú kan sì lẹ̀ mọ́ ojú gọ́ọ̀mù náà yíká. Gọ́ọ̀mù kò tú lára igi. Kò tú lára kọnkéré náà. Awọ kọnkéré ló bọ́. Nígbà tí wọ́n bá da kọnkéré, omi àti símẹ́ǹtì tó kéré jù máa ń léfòó wá sójú, á sì di awọ fẹ́lẹ́ tí kò lágbára. Bí a kò bá fi ẹ̀rọ há awọ yẹn kúrò, ohun tí a bá lẹ̀ mọ́ ọn, awọ la lẹ̀ ẹ́ mọ́. Wọ́n gbá ilẹ̀ yẹn mọ́ tónítóní kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kò há a. Mo mú igi ìgbálẹ̀ gígùn, mo ń fi ìdí rẹ̀ kan ilẹ̀ káàkiri. Ibi tó bá ṣì lẹ̀ dáadáa, á dún kọ́kọ́kọ́. Ibi tó ti bọ́, á dún bí agbè òfìfo. Mo fi ṣọ́ọ̀kì yí àwọn ibi òfìfo ká. Gbogbo rẹ̀ kò ju mítà 7 níbùú lóròó lọ nínú 54, ẹ̀gbẹ́ òkè náà ni ó sì pọ̀ sí jù.

Àmọ́ awọ tó bọ́ kò lè gbé ilẹ̀ sókè. Ó kàn jẹ́ kó rọrùn fún ẹni tó ń gbé e ni. Ta ló ń gbé e?

Onílé iṣẹ́ ló dáhùn ìbéèrè yẹn, kì í ṣe èmi. Ó mú ègé kan lọ́wọ́ mi, ó fa kálípà, irinṣẹ́ tó ń wọn nǹkan dé ìdá mìlímítà, yọ nínú àpò bí ẹni fa kọ́ọ̀mù, ó wọ̀n ọ́n. "Mìlímítà 101.1." Ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì. "100.5." Ó wọn gíga rẹ̀: 50. Ó wò mí. "Ṣé kì í ṣe 100 sí 100 la rà?"

Mo ní bóyá bí wọ́n ṣe gé e nìyẹn. Ó ní ká má méfò. Páálí kan ṣẹ́ kù lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí, kò tíì tú ọ̀rá rẹ̀. Ó lọ gbé e wá, ó fi ọ̀bẹ la á, ó wọn ègé mẹ́wàá lọ́kọ̀ọ̀kan. 100.0. 100.0. 99.9. 100.0. Gíga gbogbo wọn, 50. Mo fi ẹ̀rọ ìwọn-ọ̀rinrin kan ti inú páálí: 8. Mo fi kan ti ilẹ̀: 11, lọ́pọ̀ ibi. Ẹni tó ta igi kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ká ìwé rẹ̀, ó fi sápò. Ẹjọ́ tirẹ̀ ti parí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbi kálípà yìí, torí n kò tíì rí ibi tí igi ti sọ ìwà ara rẹ̀ kedere tó báyẹn rí. Ègé kan ṣoṣo, ìwọ̀n mẹ́ta, ìdáhùn mẹ́ta. Gíga rẹ̀, tí í ṣe apá tí iṣan igi gbà, kò yí padà rárá. Igi kì í gùn, kì í sì í kúrú, ní ọ̀nà tó kan ènìyàn: láti ìgbà tó tutù rìnrìn títí ó fi gbẹ pátápátá, gígùn rẹ̀ kì í dín ju ìdá 0.1 sí 0.2 nínú 100 lọ. Apá kejì, èyí tó gba láti ọkàn igi lọ sí èèpo, fi ìdajì mìlímítà lé. Apá kẹta, èyí tó bá òrùka igi yí po, fi mìlímítà kan àti díẹ̀ lé. Fún igi oak pupa, bí ọ̀rinrin inú rẹ̀ bá fi ìdá 1 lé, á fẹ̀ ní bíi 0.16 nínú 100 ní apá ọkàn sí èèpo, á sì fẹ̀ ní bíi 0.37 nínú 100 ní apá òrùka. Ìdá 3 ló fi lé níbí, láti 8 dé 11. Ẹ ṣírò rẹ̀: 0.48 àti 1.11. Kálípà onílé iṣẹ́ kò mọ ìwé, ohun kan náà ló sì sọ.

Nígbà tí wọ́n sì ń tẹ́ ẹ, kò sí ẹni tó bi ègé kan pé apá wo ni òrùka rẹ̀ kọjú sí. Àwọn kan kọ òrùka sí gígùn yàrá, àwọn kan kọ ọ́ sí fífẹ̀. Nítorí náà ká pín in sí méjì: bíi 0.26 fún ìdá ọ̀rinrin kọ̀ọ̀kan, sí apá méjèèjì. Lórí mítà 9, ìdá 3 á fẹ́ àyè tó tó mìlímítà 70. Lórí mítà 6, bíi 47.

Níbi tí mo ti ń ṣírò yìí ni mo gbójú sókè, tí mo tún òkè náà wò. Ó gba láti ògiri gígùn kan dé èkejì. Ìyẹn ni pé gígùn yàrá ni wọ́n ti ti ara wọn. Mo kúnlẹ̀ nídìí ògiri gígùn, mo yọ pákó ìdí ògiri. Àlàfo wà níbẹ̀. Bàbá ní mìlímítà 15 lòun fi sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó ti di 3. Bí ọ̀rinrin bá tún lé díẹ̀, òkè kejì ì bá yọ, á sì dá àkọ́kọ́ lábùú. Mo lọ sí ògiri kúkúrú. Mo yọ pákó ibẹ̀ náà. Igi kan ògiri gbọ̀ngbọ̀n. N kò rí ibi ki abẹ́ ọ̀bẹ bọ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àlàfo ti ẹ̀gbẹ́ yìí dà?"

Ó wò mí bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ béèrè ohun tó ti kọ́ ọ lánàá. "Àlàfo kí ni? Ṣé pákó máa ń gùn ni?"

Ìdáhùn náà tọ̀nà. Fún pákó, ó tọ̀nà délẹ̀délẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi: pákó ń fẹ̀, kì í gùn, fi àyè sí ẹ̀gbẹ́, má fi àyè ṣòfò sí orí. Gbogbo ọgbọ́n tó fi ọdún gígùn kó jọ wà nínú gbólóhùn yẹn, kò sì tíì já a kulẹ̀ rí. Àmọ́ bí a bá gbé igi nàró, orí rẹ̀ lọ sókè, ìdí rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Apá tí kì í yí padà ti di gíga ilẹ̀. Apá méjèèjì tó ń fẹ̀ ti sùn sílẹ̀, ọ̀kan kọjú sí ògiri gígùn, èkejì kọjú sí ògiri kúkúrú. Ilẹ̀ onígi òòró kò ní orí tàbí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ni gbogbo rẹ̀.

N kò sọ ọ́ báyẹn. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni pé mo na ègé náà sí i, mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi wò ó, ibo ni orí igi yìí wà?" Ó gbà á, ó yí i lọ́wọ́, ó fi àtàńpàkò ra òrùka rẹ̀. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Òkè ló wà." Kò tún sọ nǹkan kan mọ́, ó lọ jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀.

Mítà 9 fẹ́ mìlímítà 70. Ṣùgbọ́n òkè tó yọ kò gba tó bẹ́ẹ̀. Èyí máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Bí ilẹ̀ bá gbéra bí àgọ́, ìdí rẹ̀ jẹ́ mítà 1.2, orí rẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 11, àṣerégèé igi tó wà nínú rẹ̀ kò ju mìlímítà 20 lọ. Ohun tí kò gùn tó ìka kékeré ló ṣe gbogbo ìbẹ̀rù yẹn. Èyí tó kù ti wọ àwọn ojúpọ̀, ibi tí ègé méjì ti pàdé, tó rí àyè díẹ̀, gọ́ọ̀mù tó dúró ṣinṣin di ara rẹ̀ mú, igi náà sì fún ara rẹ̀ pọ̀. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó rò pé àyè tí a fi sí ìdí ògiri nìkan ló ń gba ilẹ̀ là. Ojúpọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Àádọ́rùn-ún ègé ló tò dé ìparí mítà 9; bí ojúpọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ní ìdajì mìlímítà, mìlímítà 45 nìyẹn láìfọwọ́ kan ògiri. Bàbá ti fún àwọn tirẹ̀ pọ̀ pinpin, ó sì fi í yangàn, bí gbogbo oníṣẹ́ pákó ṣe máa ń ṣe.

Ó ku ibi tí ọ̀rinrin ìdá 3 ti wá. Ọjọ́ kẹta pé, mo ka ihò kọnkéré: 70, 72, 71 nínú 100. Àwọn tó ń ṣe gọ́ọ̀mù igi sábà máa ń fẹ́ kó má ju 75 tàbí 80 lọ. Kọnkéré kò mọ nǹkan kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bó bá jẹ́ pé abẹ́ ni omi ti wá, ìdí ègé ni ì bá kọ́kọ́ wú, ègé ì bá rí bí èèkàn tí a dorí rẹ̀ kodò. Ìwọ̀n òkè àti ìsàlẹ̀ wọn dọ́gba.

Afẹ́fẹ́ ni. Wọ́n tú igi nínú ọ̀rá láàárọ̀, wọ́n tẹ́ ẹ lọ́sàn-án. Igi tó wà ní ìdá 8 ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Afẹ́fẹ́ yàrá yẹn wà ní bíi 60 nínú 100 ní oṣù òjò, igi tó bá ń gbé irú rẹ̀ á rìn títí á fi dé nǹkan bí 11. Bí wọ́n bá ti tú u sílẹ̀, tí wọ́n tò ó pẹ̀lú àyè láàárín fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, orí àga ni ì bá ti wú, kì í ṣe orí ilẹ̀.

Omi ìnulẹ̀ náà wà níbẹ̀. Òkè yẹn yọ sí ẹ̀yìn yàrá, lẹ́bàá ibi ìfọwọ́, níbi tí ẹ̀rọ mi ti ka 14. Ọmọ iṣẹ́ kan ló ń da omi sílẹ̀ níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé, tó ń nu ún. Ó ní wọ́n ti kun fáníìṣì, kí lomi fẹ́ ṣe? Mo mú ègé kan nínú páálí, mo ti ojú rẹ̀ kan bọ omi ọṣẹ, mo fi ẹnu mọ́ ojú kejì, mo fẹ́ ẹ. Ìfófòó yọ nínú omi. Ojú ọmọ náà là. Igi oak pupa, ihò iṣan rẹ̀ ṣí gbangba láti ojú dé ojú, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń lo oak funfun fún àgbá ọtí, tí wọn kì í lo pupa. Fáníìṣì kùn ún lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí àwọn ègé bá ti ń mira, fáníìṣì á ya ní ojúpọ̀, omi á sì máa gba ibẹ̀ wọ inú ihò iṣan wọ̀nyẹn.

Ìtàn irú ilẹ̀ yìí kún fún omi. Ní ọ̀rúndún 19, ègé igi òòró ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀pọ̀ títì ní London, torí ó ń pa ariwo pátákò ẹṣin àti àgbá irin kẹ̀kẹ́. Igi jarrah àti karri tí wọ́n fi ọkọ̀ òkun kó wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Australia wà lára wọn. Chicago ṣì ní òpópónà kékeré kan tí wọ́n fi igi tẹ́ ní 1909. Ní Paris, nígbà tí odò Seine kún àkúnya ní oṣù kìíní 1910, ègé igi títì hú nílẹ̀, wọ́n sì ń léfòó kiri àdúgbò. Mo sọ èyí fún bàbá láti fi tù ú nínú. Ó ní, "Tiwọn rí odò. Tèmi rí ìnulẹ̀." Ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n bá ní kí n pín ẹ̀bi náà: àlàfo tí kò sí ní ògiri kúkúrú àti igi tí kò gba afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó tẹ́ ẹ ló ṣe é; ojúpọ̀ tó fún pọ̀ àti awọ kọnkéré ràn án lọ́wọ́; omi Sátidé yan ibi tí yóò ti yọ. Léètì onílé iṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń yí irin bírí kí a lè gbẹ́ ẹ, náà ní ìpín tirẹ̀. Wọ́n ti gba inú igi de bóòtù rẹ̀ mọ́ kọnkéré ní àárín yàrá, ó sì kan ilẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ìṣó, tí igi kò fi lè rọra sún.

Àtúnṣe rẹ̀ gba sùúrù ju agbára lọ. A hú òkè náà, a hú gbogbo ibi tó dún bí agbè. A fi ayùn la ẹ̀gbẹ́ ògiri kúkúrú méjèèjì, mìlímítà 25. Lẹ́yìn náà a kò ṣe nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, àfi ká máa wọn ọ̀rinrin. Onílé iṣẹ́ kò fẹ́ràn apá yìí. Àmọ́ bí ẹ bá tún un ṣe nígbà tó ṣì wú jù, á súnkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á sì fi ojúpọ̀ tó lè gbé owó irin sílẹ̀ fún yín. Àwọn ègé tuntun náà wà nínú yàrá yẹn, lórí pákó, pẹ̀lú àyè láàárín.

Bàbá ló fi ẹ̀rọ há kọnkéré. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bá òun ṣe é. A lo gọ́ọ̀mù tí kì í le, tó máa ń nà bí rọ́bà kódà lẹ́yìn tó bá ti gbẹ, kí ègé lè mira láìbọ́. A ń fi káàdì fẹ́lẹ́ sáàárín ègé kọ̀ọ̀kan, a ń yọ ọ́ lẹ́yìn tí gọ́ọ̀mù bá dì. A fi ọ̀pá kọ́ọ̀kì, èèpo igi rírọ̀ tó máa ń fún pọ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́, tó fẹ̀ ní mìlímítà 12 la yàrá náà níbi méjì. Onílé iṣẹ́ fẹ́ kí léètì padà sórí igi; mo kọ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ irin dé ìwọ̀n irun orí kò yẹ kó dúró lé ohun tó ń mí. A gé igi abẹ́ rẹ̀ kúrò, ó dúró lórí kọnkéré, a sì fi kọ́ọ̀kì yí i ká. Pákó ìdí ògiri, ara ògiri la kàn án mọ́, kì í ṣe ara ilẹ̀. A há fáníìṣì kúrò, a fi epo igi rọ́pò rẹ̀: ojú igi òòró ń mu epo gan-an, a kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó yó, ó sì dúdú ju bí onílé iṣẹ́ ṣe fẹ́ lọ. Ọmọ iṣẹ́ gba aṣọ ìnulẹ̀ tí a fún gbẹ, wọ́n gba korobá lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Onílé iṣẹ́ ti gbẹ́ abẹ́rẹ́ idẹ kékeré kan, ó kàn án mọ́ ègé tó kẹ́yìn nídìí ògiri kúkúrú, ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí ara ògiri. Oṣooṣù ló ń fa ìlà síbi tí abẹ́rẹ́ náà bá tọ́ka sí, ó ń kọ ọjọ́ sí i. Láti ìlà tó jìnnà jù lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn dé èyí tó sún mọ́ jù lọ nígbà òjò jẹ́ mìlímítà 9. Ilẹ̀ náà sùn pẹrẹsẹ.

Bàbá tẹ̀ lé mi lọ lọ́jọ́ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó ka àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ìka kan ẹnu abẹ́rẹ́ náà. Nígbà tó dìde, ó bi onílé iṣẹ́ pé irú kálípà yẹn, ṣé ó ní méjì.